Màmá Hẹ́dì àti Ọgbọ̀n Ọdún Tí Mo Fi Ya Àwòrán Inú Ìwé Ọmọdé

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ máa ń bi mí ní ṣọ́ọ̀ṣì pé irú iṣẹ́ wo gan-an ni mo ṣe ní Amẹ́ríkà yìí, ẹ fà mọ́ra, kí n dá yín lóhùn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ọ̀pọ̀ nínú yín gbà pé nọ́ọ̀sì ni mí, torí pé nọ́ọ̀sì ni gbogbo ìyá tó ń jókòó nítòsí mi. N kì í ṣe nọ́ọ̀sì. Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi ya àwòrán sínú ìwé àwọn ọmọdé, mo sì kọ díẹ̀ nínú àwọn ìwé náà fúnra mi. Ọ̀dọ̀ ìyá àgbàlagbà kan, ọmọ Jámánì, ni mo ti kọ́ iṣẹ́ náà. Mojísọ́lá ni orúkọ mi, ọmọ Iléṣà ni mí, Mount Hope níbí ní Bronx ni mo sì ń gbé láti ìgbà tí mo ti dé.

Bí mo ṣe rí iṣẹ́ náà kò gùn. Olùkọ́ ni mí nílé, kíláàsì kejì alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mò ń kọ́. Nígbà tí mo dé ibí, wọn ò ka ìwé ẹ̀rí mi sí, ni ìyá kan ní ṣọ́ọ̀ṣì bá júwe bàbá àgbàlagbà kan fún mi lórí Grand Concourse, pé ara rẹ̀ kò yá, pé kí n máa tọ́jú rẹ̀. Bàbá Wálítà là ń pè é. Owó tí wọ́n ń san fún mi kò pọ̀, ó ṣáà ń san ráńtì. Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀.

Ìyàwó bàbá náà ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ wọn. Hẹ́dì ni wọ́n ní kí n máa pe àwọn, ṣákálá bẹ́ẹ̀, bí gbogbo èèyàn ṣe ń pè wọ́n. Ẹnu mi kọ̀ ọ́. Ẹgbẹ́ ìyá mi! Mo bá ń pè wọ́n ní Màmá Hẹ́dì. Wọ́n kọ́kọ́ ní àwọn kì í ṣe màmá ẹnikẹ́ni, torí wọn ò bímọ. Nígbà tí wọ́n rí i pé n kò ní yé pè wọ́n bẹ́ẹ̀, wọ́n gbà. Lẹ́yìn ọdún bíi mélòó kan, bí mo bá gbàgbé tí mo pe orúkọ náà láìfi màmá sí i, wọ́n á bi mí bóyá inú ń bí mi.

Láràárọ̀ ni Màmá Hẹ́dì máa ń wọ yàrá kan tó kọjú sí títì, wọ́n á ti ilẹ̀kùn, ó di aago kan ọ̀sán. Yàrá náà ń rùn kọfí àti àwọ̀. Ó pẹ́ díẹ̀ kí n tó mọ̀ pé ìwé ọmọdé ni wọ́n ń kọ níbẹ̀, pé àwọn fúnra wọn náà ló sì ń ya àwòrán rẹ̀. Àwọn ìwé náà kún pẹpẹ kan láti òkè dé ilẹ̀, òmíràn lédè Jámánì, òmíràn lédè Gẹ̀ẹ́sì, àwọn kan ní èdè tí Màmá Hẹ́dì fúnra wọn kò gbọ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Bàbá Wálítà sùn lọ lórí àga. Mo mú pẹ́ńsù, mo ya àwòrán bàbá náà sẹ́yìn ìwé tí mo fi ń kọ àkókò oògùn. Mo kàn fi ń pa ìrònú rẹ́ ni. Màmá Hẹ́dì jáde wá mu omi, wọ́n rí i, wọ́n gbé e lọ sí ojú fèrèsé, wọ́n sì wò ó pẹ́. Mo ti ń to ẹ̀bẹ̀ jọ sínú pé mo ba ìwé oògùn jẹ́.

Wọ́n ní, "Ojú rẹ̀ rèé. Ṣùgbọ́n ọwọ́ yìí kì í ṣe ọwọ́ ọkọ mi."

Wọ́n fà mí lọ síwájú bàbá tó ń sùn, wọ́n ní kí n wo bí àtàǹpàkò rẹ̀ ṣe tẹ̀. Lóòótọ́, ó tẹ̀. Oṣù méje ni mo ti ń wẹ ọwọ́ yẹn lójoojúmọ́, n kò rí i rí.

Bàbá Wálítà kú kí ọdún tó parí. Lẹ́yìn ìsìnkú, mo lọ kó bàtà ilé mi àti ìbora mi. Màmá Hẹ́dì ní kí n dúró. Wọ́n ní làkúrègbé ti ń mú àwọn lọ́wọ́, àwọn nílò ẹni tí yóò máa fọ búrọ́ọ̀ṣì, tí yóò máa gé pépà, tí yóò máa po àwọ̀. Mo bi wọ́n pé títí di ìgbà wo. Wọ́n ní títí di ìgbà tí mo bá mọ bàtà yà. Mo rẹ́rìn-ín. N kò mọ̀ pé oṣù mẹ́rin ni bàtà yẹn máa gbà.

Bàtà Bàbá Wálítà, ẹsẹ̀ kan ṣoṣo, ni wọ́n gbé sórí tábìlì. Bí mo bá fọ búrọ́ọ̀ṣì tán, mo jókòó tì í, mo yà á. Màmá Hẹ́dì á wò ó, wọ́n á sì fà á ya. Kì í ṣe pẹ̀lú ìbínú o. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni, bí ẹni ń ya ẹnu àpò lẹ́tà. Wọ́n á ní, "Bàtà ni. Ṣùgbọ́n kò ní olúwa." Láàárín oṣù àkọ́kọ́, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo sunkún ní ilé ìwẹ̀ wọn. Ọkọ mi nílé, tó ń wa takisí, ní kí n jàre fi òyìnbó yẹn sílẹ̀, kí n lọ kẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì bí àwọn ẹgbẹ́ mi. Ohun tí mo mọ̀ ni pé tí mo bá ń fẹsẹ̀ rìn lọ sílé ní ìrọ̀lẹ́, mo ti ń wo bàtà gbogbo ẹni tí mo pàdé lórí Grand Concourse.

Lọ́jọ́ kan wọ́n kò ya tèmi. Wọ́n ká a sínú báàgì, a sì jọ lọ sí ilé ìkàwé kékeré tí wọ́n ti máa ń kàwé fún àwọn ọmọdé ní gbogbo Sátidé. Wọ́n na àwòrán náà sókè, wọ́n bi àwọn ọmọ náà pé ta ló ni bàtà yìí. Ọmọbìnrin kan tí eyín iwájú rẹ̀ ti yọ ní bàbá àgbà kan ni, pé ẹsẹ̀ ń dùn ún, pé kì í jáde mọ́. Màmá Hẹ́dì kò wo ọ̀dọ̀ mi. Wọ́n ká a, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í kàwé. Ní ọjọ́ Ajé tí mo dé, bàtà ti kúrò lórí tábìlì. Ìkòkò ló wà níbẹ̀.

Ẹ má rò pé òǹrorò ni wọ́n. Onínúure èèyàn ni, àfi lórí iṣẹ́. Wọ́n kórìíra kí ẹnikẹ́ni bá ọmọdé sọ̀rọ̀ bí ẹni tí kò lóye. Bí wọ́n bá kọ ìtàn tán, wọ́n á gbé e fún mi pé kí n kà á sókè fún àwọn ọmọ ilé ìkàwé, àwọn fúnra wọn á jókòó sẹ́yìn pẹ̀lú pẹ́ńsù. Ibi tí ọmọ bá ti gbójú sókè tó ń wo àjà, wọ́n á fa ilà sí i. Wọ́n ní ibẹ̀ ni ìwé náà ti kú, kí á wá ohun tó pa á. Mo ti rí i tí wọ́n yọ odidi ojú ewé kan tí èmi fẹ́ràn ju gbogbo ìyókù lọ, torí pé ọmọ méjì yán níbẹ̀.

Ìgbà tí a bá ń po àwọ̀ ni wọ́n máa ń sọ ìtàn ara wọn, ní díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń bu omi fún adìẹ mu. Abúlé kan létí odò ní Jámánì ni wọ́n bí wọn sí. Ọmọdé ni wọ́n nígbà tí bàbá wọn lọ sógun. Bí bọ́ǹbù bá ń dún, ìyá wọn, tó jẹ́ aránṣọ, á kó wọn wọ yàrá abẹ́ ilẹ̀, á sì máa pa ìtàn pẹ́pẹ́yẹ kan tí kò gbà láti dákẹ́. Ìtàn pẹ́pẹ́yẹ yẹn ni ìwé àkọ́kọ́ tí wọ́n kọ. Nígbà tí Bàbá Wálítà fẹ́ wọn, tó kó wọn wá sí New York, wọ́n ń bá a lọ ní kíkọ ìwé wọn ní èdè Jámánì láràárọ̀, wọ́n á wá tún un kọ lédè Gẹ̀ẹ́sì lọ́sàn-án. Mo bi wọ́n pé kí ló dé tí wọ́n ń ṣe iṣẹ́ kan lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n ní èdè tí ìyá ẹni fi bá ẹni wí ni kì í jẹ́ kí ẹni purọ́.

Ọdún méje, mẹ́jọ, bẹ́ẹ̀ ló lọ. Mo ti ń ya igi, ilé, àti àwọn èèyàn tó wà lẹ́yìn nínú ìwé wọn. Ìgbà náà ni wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ ìwé tí wọ́n ní ó ti lé ní ogójì ọdún tí àwọn ti ń sá fún un. Ó dá lórí ọmọbìnrin kan tó ń gbé àga bàbá rẹ̀ síta ní gbogbo ọjọ́, kí bàbá rẹ̀ lè rí ibi jókòó tó bá ti ogun dé. Òjò rọ̀, ó gbé e síta. Yìnyín bọ́, ó gbé e síta. Bàbá náà kò dé. Ní ojú ewé tó kẹ́yìn, ọmọ náà ti dàgbà, ó sì jókòó sórí àga náà fúnra rẹ̀. Mi ò bi wọ́n pé ta ni ọmọ náà.

Àwòrán mẹ́rìndínlógún ni, ó gbà wọ́n ju ọdún kan lọ. Làkúrègbé ti le gan-an. Ọjọ́ mìíràn wà tí ó jẹ́ pé mo ní láti fi aṣọ di búrọ́ọ̀ṣì mọ́ wọn lọ́wọ́. Nígbà tí wọ́n parí rẹ̀, wọ́n ní èyí ni òpin, ọwọ́ àwọn ti parí iṣẹ́ tí a rán an.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, mo gbé àpò pẹlẹbẹ ńlá tí àwọn àwòrán náà wà nínú rẹ̀, mo ń gbé e lọ fún olóòtú ilé ìtẹ̀wé wa ní Manhattan. Màmá Hẹ́dì ló fọwọ́ ara wọn so okùn rẹ̀. Wọ́n ní kí n wọ takisí. Mo ní kí wọ́n má ṣèyọnu, tíréènì D ló yá jù.

Nínú tíréènì ni mo ti pàdé Ìyá Bùsọ́lá, tí a jọ ń kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì kí wọ́n tó kó lọ sí Mariners Harbor ní Staten Island. Ìjẹ̀ṣà ni bíi tèmi. Ọdún mẹ́ta ni a kò ti fojú kanra. Mo gbé àpò náà ti ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn, mo sì jókòó tì í. Ẹ̀yin tí ẹ kò tíì pẹ́ nílẹ̀ òkèèrè kò lè mọ bí èdè ilé ẹni ṣe ń dùn lẹ́nu. A sọ ti ọmọ, a sọ ti ìyá ọkọ, a sọ ti ẹni tó kú nílé. Ibi tí mo fẹ́ sọ̀ ni òun náà fẹ́ sọ̀. A di ara wa lọ́wọ́ mú, a sọ̀, a ń gun àtẹ̀gùn, ọ̀rọ̀ kò tán. A ti dé ojú títì kí n tó mọ̀ pé n kò gbé nǹkan kan dání.

Mo sáré padà. Tíréènì ti lọ. Ọkùnrin tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì nínú gíláàsì níbẹ̀ bá wa pe àwọn òṣìṣẹ́ ibùdó tíréènì tó wà níwájú. Èmi àti Ìyá Bùsọ́lá wọ tíréènì tó tẹ̀ lé e dé òpin ojú irin ní Brooklyn, à ń wo ìdí àga. Kò sí níbẹ̀. Oṣù méjì gbáko ni mo fi ń lọ sí ọ́fíìsì tí wọ́n ń kó ẹrù tí èèyàn gbàgbé sí. Mo rí agboòrùn rẹpẹtẹ níbẹ̀, mo rí eyín àtọwọ́dá, mo rí fèrè ńlá kan. N kò rí àpò wa. Di òní, n kò mọ ibi tó wọlẹ̀ sí.

Ọ̀sán ọjọ́ náà gan-an ni mo lọ sọ fún wọn. Mo kúnlẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà yàrá iṣẹ́. Wọ́n ní kí n dìde, pé ilẹ̀ tutù. Nígbà tí mo sọ ọ́ tán, wọ́n ní, "Gbogbo rẹ̀?"

Mo ní, "Gbogbo rẹ̀, mà."

Wọ́n wọlé, wọ́n sì rọra ti ilẹ̀kùn. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni wọn ò fi pè mí. Mò ń wá lójoojúmọ́, mò ń fọ búrọ́ọ̀ṣì tí ẹnikẹ́ni kò lò, mo ń jókòó ní ilé ìdáná. Ìyàwó pásítọ̀ wa tù mí nínú pé omi ló dànù, agbè kò fọ́. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, ṣùgbọ́n èmi mọ̀ pé agbè yẹn ti sán, torí mo mọ bí ọwọ́ tó ya àwọn àwòrán náà ti rí.

Ní ọjọ́ kẹwàá, wọ́n jáde pẹ̀lú ìwé tí wọ́n fi pẹ́ńsù ṣètò ìtàn náà sí ní ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀. Wọ́n gbé e síwájú mi, wọ́n ní èmi ni n ó yà á. Mo kọ̀. Mo ní ẹni tó sọ nǹkan nù kò yẹ lẹ́ni tí a ó tún gbé irú rẹ̀ fún. Wọ́n ní àwọn kò bi mí bóyá ó yẹ, kí n jókòó.

Mo jókòó. Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, mo fi gbogbo agbára mi ya nǹkan náà bí wọ́n ṣe yà á. Mo mọ bí wọ́n ṣe ń fa ilà, mo mọ bí wọ́n ṣe ń po àwọ̀ ewé, èmi ni mò ń pò ó. Ojú mi sì sọ fún mi pé ó jọ ọ́. Màmá Hẹ́dì wo gbogbo rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì fà á ya, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bíi ti àtijọ́.

Wọ́n ní, "Èmi ló wà nínú èyí. Ìwọ dà?"

Inú bí mi lọ́jọ́ yẹn. Mo lọ sílé láìdágbére. Lọ́nà ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í rántí bàbá tèmi, tó jẹ́ awakọ̀ akẹ́rù, tó máa ń lo oṣù kan, oṣù méjì, lójú ọ̀nà Òkè Ọya. Àga ìnàyìn aláṣọ kan wà níwájú ilé wa tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ jókòó sí bí kò bá sí nílé. Aṣọ rẹ̀ ti ṣá ní ibi tí orí bàbá mi máa ń wà. Bàbá mi máa ń dé ní tirẹ̀. Ṣùgbọ́n mo mọ bí àga tó ṣófo ṣe ń wo ọmọdé.

Àga yẹn ni mo yà. Mo gbé ilé onípáànù sẹ́yìn rẹ̀, mo gbé erùpẹ̀ pupa sílẹ̀, mo sì jẹ́ kí òjò tó ń rọ̀ jẹ́ òjò Iléṣà. Kò sí bí a ṣe lè ṣe ebòlò kó má rùn ìgbẹ́. Màmá Hẹ́dì wò ó títí kọfí wọn fi tutù.

"Ta ló ni àga yìí?"

"Bàbá mi ni, mà."

Wọ́n ní kí n máa bá a lọ.

Oṣù mẹ́jọ ni mo fi yà á tán. Nínú ìwé náà, yìnyín di ọyẹ́, odò Jámánì di odò tiwa, ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ sì wà bí wọ́n ṣe kọ ọ́, ẹyọ kan kò yí padà. Wọ́n tẹ orúkọ àwa méjèèjì sí iwájú, bákan náà ni ìwọ̀n lẹ́tà rẹ̀. Ọjọ́ tí a gba ẹ̀dà àkọ́kọ́, wọ́n ṣí i láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, wọ́n wá sọ fún mi pé èyí tó sọnù dára jù ú lọ. Mo ní mo mọ̀. Wọ́n fi ọwọ́ pa ẹ̀yìn ìwé náà, wọ́n ní, "Ṣùgbọ́n èyí ló wà." Wọn kò tún sọ̀rọ̀ tíréènì mọ́ títí wọ́n fi kú, wọn kò sì jẹ́ kí n sọ ọ́.

Láti ìgbà náà ni iṣẹ́ ti ń bá mi nílé ní orúkọ ara mi. Irinṣẹ́ náà sì yí padà. Búrọ́ọ̀ṣì tí mo fi ọdún púpọ̀ kọ́ bí a ṣe ń fọ̀, wọ́n ní kí n gbé e tì. Wọ́n ní kí n máa fi kálàmù oníke yàwòrán sórí gíláàsì kọ̀ǹpútà. Tọ́pẹ́ ọmọ mi, tí mo bí síbí, ló kọ́ mi, mo sì ti lé ní àádọ́ta ọdún. Bọ́tìnnì kan wà níbẹ̀ tí èèyàn á tẹ̀ tí àṣìṣe á parẹ́. Mo fi han Màmá Hẹ́dì. Wọ́n tẹ̀ ẹ́, wọ́n tún un tẹ̀, wọ́n wá bi mí pé bí àṣìṣe kò bá dùn mí, kí ni yóò kọ́ mi? Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ojú mi ti ń ṣú, gíláàsì náà sì ń sọ nǹkan di ńlá fún mi, mo lò ó.

Kọ̀ǹpútà náà ló jẹ́ kí n lè kọ ìwé Yorùbá. Tẹ́lẹ̀, bí mo bá kọ ọ́ tán, àmì ohùn á ti já bọ́ níbi ìtẹ̀wé. Tọ́pẹ́ ka ọ̀kan nínú wọn sókè ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ kan, níbi tí ìyá kan ti wọ ọkọ̀ lọ sí ọjà, ó sì kà á bíi pé ọkọ ni ìyá náà wọ̀ sọ́rùn. Gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì bú sẹ́rìn-ín, òun náà sì bá wọn rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà, n kì í jẹ́ kí ìwé mi kúrò nílé láìjẹ́ pé mo ka àmì orí rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ọdún tó kọjá ni mo fẹ̀yìn tì, nígbà tí dókítà ojú ní kí n sinmi. Ẹ̀yin tí ẹ ń yan iṣẹ́ báyìí, n kò ní sọ pé kí ẹ wá ṣe tèmi. Ọkọ mi kò ṣì sọ: àwọn ẹgbẹ́ mi tó ṣe nọ́ọ̀sì ti kọ́lé kí n tó parí bàtà. Ohun tí mo rí ni pé ẹni tó ń kọ́ yín níṣẹ́ ṣe pàtàkì ju iṣẹ́ náà lọ. Bí ẹ bá rí ẹni tó ń fa iṣẹ́ yín ya, ẹ kọ́kọ́ wo ọwọ́ rẹ̀ dáadáa. Bó bá ń fà á ya láti dójú tì yín, ẹ tètè máa lọ. Bó bá jẹ́ pé ó rí nǹkan kan nínú yín tí ẹ̀yin kò tíì rí, ẹ farabalẹ̀. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Màmá Hẹ́dì kú nígbà tó kù díẹ̀ kí wọ́n pé àádọ́rùn-ún ọdún. Ní ọdún tó kẹ́yìn, ilé ìtọ́jú àwọn àgbàlagbà ni wọ́n wà, èdè Gẹ̀ẹ́sì sì ti kúrò lórí wọn pátápátá. Ti Jámánì nìkan ló kù, òun náà kò pọ̀ mọ́. Mo máa ń lọ ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Sátidé. Mo máa ń fi òróró ra ọwọ́ wọn, wọ́n á máa wo fèrèsé. Ní ọ̀sán kan, mo mú ìwé wọn kan lọ, èyí tí wọ́n tẹ̀ ní Jámánì kí n tó mọ̀ wọ́n rárá, lórí ọkùnrin kan tó ń ṣe búrẹ́dì. N kò gbọ́ èdè náà. Mo kàn ń ka lẹ́tà tí mo rí bí mo ṣe máa kà á ní Yorùbá, tí n kò fo ọ̀kankan.

Mo ti ka ìlà bíi mẹ́ta nígbà tí wọ́n di ọrùn ọwọ́ mi mú. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni n kò ti gbọ́ ohùn wọn. Wọ́n fi ìka sí ọ̀rọ̀ kan tí mo ti kà kọjá, wọ́n pè é bó ṣe yẹ kí a pè é. Mo pè é tẹ̀ lé wọn. Wọ́n mi orí pé bẹ́ẹ̀ kọ́, wọ́n tún un pè. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni wọ́n mú mi padà sí ọ̀rọ̀ yẹn, ojú wọn le koko. Nígbà tí mo pè é dáadáa, wọ́n jọ̀wọ́ ọwọ́ mi, wọ́n sì fi ìka wọn tó ti wọ́ ṣí ojú ewé tó kàn.